Bí jọ́nà ṣe ń yẹ péépà wò, látọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ títí dọjọ́ tó máa jáde

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe másítà tàbí PhD ni mo kọ eléyìí fún jù, àtẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ ìwádìí í ṣe o, wọ́n mọ̀ ọ́n kọ sílẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ tí péépà, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n kọ, bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn tó dé jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tó ń tẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde, wọn ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i mọ́, wọ́n á kàn máa ṣí ímeèlì láràárọ̀, ìgbà tí lẹ́tà bá wá dé tó kún fún àríwísí wọ́n á ní ó ti tán, wọ́n á pa iṣẹ́ tì. Péépà gidi tó ń kú sínú kọ̀ǹpútà báyìí ti pọ̀ jù, ó sì máa ń dùn mí gan-an, torí lẹ́tà tí wọ́n sá fún yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà ló ń là fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú péépà kan ká máa tẹ̀ lé e lọ. Ká ní ó dá lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn ìyá ọlọ́jà ní Bódìjà n'Ìbàdàn. Àpẹẹrẹ lásán ni, mi ò ní ẹnì kankan lọ́kàn.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́

Jọ́nà tẹ́ ẹ bá yàn ló máa pinnu ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà, kẹ́ ẹ sì ṣí àtẹ̀jáde wọn bíi mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ tó jọ tiyín wà níbẹ̀. Jọ́nà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn ò ní gba ọ̀rọ̀ ìyá ọlọ́jà Bódìjà bó ti wù kó dáa tó, jọ́nà ìlera ará ìlú ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ẹ sì ṣọ́ra fáwọn oníjìbìtì. Wọ́n á kọ ímeèlì sí yín, wọ́n á pè yín ní ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá, wọ́n á ní ọjọ́ mẹ́ta péré làwọn fi ń yẹ iṣẹ́ wò. Irọ́ ni. Kò sí bí ẹni méjì tó mọṣẹ́ ṣe máa ka péépà dáadáa, kí wọ́n kọ èrò wọn, kí olóòtú tún wá kà á kó ṣèpinnu, kí gbogbo ẹ̀ parí láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí àwọn yunifásítì wa ní Nàìjíríà ṣe máa ń bèèrè péépà òkè òkun kí wọ́n tó gbéni ga lẹ́nu iṣẹ́ ló jẹ́ káwọn gbájúẹ̀ yìí máa rí wa mú, èèyàn á ti sún mọ́ ọjọ́ ìgbéga, ara á máa kán an. Ẹ lọ wo DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá jọ́nà náà wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà ẹ wo AJOL, àkójọ jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà tó ti wà láti 1998, sáìtì Think. Check. Submit. náà ní àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ lè bi ara yín. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kẹ́ ẹ mú orúkọ kan lára ìgbìmọ̀ olóòtú wọn, kẹ́ ẹ wá ojú ewé ẹni yẹn ní yunifásítì rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí i, ẹ bi í bóyá ó mọ̀ pé orúkọ òun wà níbẹ̀.

Ní ti owó, kì í ṣe gbogbo jọ́nà tó ń gbowó ni oníjìbìtì, PLOS ONE, jọ́nà tí gbogbo èèyàn mọ̀, náà ń gbà á. Ìgbà tí wọ́n ń bèèrè ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba péépà wọlé ni ọ̀pọ̀ jọ́nà tó dáa ń bèèrè owó ìtẹ̀jáde, àwọn kan láàárín tiwa níbí máa ń gba owó díẹ̀ fún àyẹ̀wò ṣáájú lóòótọ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ hàn kedere lórí sáìtì wọn, kò sì gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí pé wọ́n ti gba iṣẹ́ yín nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń dín owó yìí kù tàbí kí wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀ fáwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè tí owó ò ti pọ̀, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ o, torí tó bá di ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n gbà á, wọ́n lè ní ó ti pẹ́ jù.

Jọ́nà kan ṣoṣo lẹ̀ẹ̀kan. Ẹ má fi péépà kan náà ránṣẹ́ sí méjì pé èyí tó bá kọ́kọ́ dáhùn lẹ máa mú, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni nídìí iṣẹ́ yìí, ó sì rọrùn kí wọ́n mú yín, torí ayẹ̀wéwò kan náà, ìyẹn ẹni tí jọ́nà ní kó yẹ iṣẹ́ wò, lè gba péépà yín látọ̀dọ̀ jọ́nà méjèèjì, ó sì máa sọ.

Ẹ wo bóyá jọ́nà náà máa ń fi orúkọ òǹkọ̀wé pa mọ́ fáwọn ayẹ̀wéwò. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, yíyọ orúkọ kúrò lójú ewé àkọ́kọ́ nìkan ò tó. Kọ̀ǹpútà ti kọ orúkọ yín sínú fáìlì fúnra ẹ̀, ní Word ẹ lọ síbi File, ẹ tẹ Info, ẹ tẹ Check for Issues, ẹ wá tẹ Inspect Document, ẹ jẹ́ kó pa á rẹ́. Ẹ tún wá gbólóhùn bíi "gẹ́gẹ́ bí a ti sọ nínú iṣẹ́ wa ti 2019", ẹ yí i padà. Ẹ kọ nọ́ńbà ìyọ̀ǹda tí ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí fún yín sínú fọ́ọ̀mù, torí tẹ́ ẹ bá ṣèwádìí lórí èèyàn tẹ́ ò gba ìyọ̀ǹda yẹn ṣáájú, jọ́nà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́ ò ní yẹ̀ ẹ́ wò rárá.

Lẹ́tà tó máa tẹ̀ lé e, ìdajì ojú ewé ti tó: ìbéèrè tẹ́ ẹ fẹ́ dáhùn, ohun tuntun tẹ́ ẹ rí, ìdí tó fi jẹ́ àwọn òǹkàwé jọ́nà yìí ló máa wúlò fún, àti pé kò sí ní jọ́nà míì lọ́wọ́lọ́wọ́.

Nígbà tó bá dé ọ́fíìsì jọ́nà

Kí olóòtú tó rí i rárá, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì máa kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé gbogbo fáìlì pé, ṣé tébù àti àwòrán ṣeé kà, ṣé ó gùn ju iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n fàyè gbà. Wọ́n á tún gbé e gba inú iThenticate tàbí irú ẹ̀, tó máa fi í wé àwọn ohun tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bára mu. Iye tó bá gbé jáde kì í ṣe ìdájọ́, èèyàn ló máa wò ó pé kí ló bára mu. Tó bá jẹ́ inú tísíìsì yín tí yunifásítì ti gbé sórí sáìtì wọn lẹ ti yọ péépà náà, ó máa bára mu gan-an, torí náà ẹ sọ ọ́ sínú lẹ́tà látìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n má bàa fura sí yín.

Ọwọ́ olóòtú

Olóòtú máa ka àkótán (abstract), á wo ìbẹ̀rẹ̀, á sáré wo ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà ṣèwádìí àti àwọn tébù, ó sì lè kọ̀ ọ́ níbẹ̀ láìfi han ayẹ̀wéwò kankan. Kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà ò dáa. Ó lè jẹ́ pé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tàbí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ irú ẹ̀ jáde, ó sì lè jẹ́ pé ohun tó jẹ́ tuntun nínú ẹ̀ ò hàn láti inú àkótán. Eléyìí tó gbẹ̀yìn wà lọ́wọ́ yín. Tí olóòtú bá ka àkótán péépà Bódìjà tán tí kò tíì mọ̀ bóyá ẹ wọn ìfúnpá àwọn ìyá yẹn ni àbí ẹ kàn bi wọ́n léèrè, á gbé e sọ́wọ́ kan, torí ọ̀pọ̀ míì ń dúró dè é. Wọ́n máa ń tètè sọ irú ìpinnu yìí, ẹ gbé e lọ síbòmíràn lọ́sẹ̀ yẹn náà.

Wíwá àwọn ayẹ̀wéwò

Ibí ló máa ń pẹ́ jù, òun náà sì làwọn òǹkọ̀wé ò lóye ẹ̀ jù. Ayẹ̀wéwò, tàbí reviewer bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é, olùwádìí bíi tiyín ni, ó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó níṣẹ́ tiẹ̀ lọ́wọ́, jọ́nà tó sì ń sanwó fún un ò wọ́pọ̀. Olóòtú á kọ̀wé sí ẹni méjì mẹ́ta, ọ̀kan á ní òun ò ráyè, ọ̀kan ò ní dáhùn rárá, ẹ̀kẹta á gbà, olóòtú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíì. Oṣù kan lè lọ sórí èyí kí ẹnikẹ́ni tó ka ìlà kan nínú péépà yín.

Níbo ló ti ń rí wọn? Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú àkójọ ìwé tẹ́ ẹ tọ́ka sí ló kọ́kọ́ ń wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fáwọn èèyàn pé tó bá jẹ́ pé ìwé 1990 sí 2005 nìkan lẹ tọ́ka sí, ẹ ti mú kó ṣòro fún olóòtú láti rí ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn jọ́nà kan máa ń ní kẹ́ ẹ dábàá orúkọ. Ẹ dárúkọ ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, kó má jẹ́ súpáfáísọ̀ yín, kó má jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń kọ̀wé tàbí tẹ́ ẹ jọ wà ní ẹ̀ka kan náà, kẹ́ ẹ sì fi ímeèlì tí yunifásítì fún un síbẹ̀. Ọwọ́ ti le lórí èyí báyìí torí àwọn kan ti ṣe àyédèrú ímeèlì kí wọ́n lè fúnra wọn yẹ péépà ara wọn wò, lọ́dún 2017 ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Springer fagi lé péépà 107 lẹ́ẹ̀kan náà nínú jọ́nà Tumor Biology torí irú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń wo sáìtì jọ́nà tí "With Editor" (ó wà lọ́wọ́ olóòtú) ò kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ṣì ń wá èèyàn ni. "Under Review" túmọ̀ sí pé ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ayẹ̀wéwò tàbí pé wọ́n ti ń pè wọ́n. Ẹ má kọ̀wé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá ti tó oṣù mẹ́ta tẹ́ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta pẹ̀lú sùúrù: nọ́ńbà péépà, ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ bèèrè ibi tí nǹkan dé. Kò sí olóòtú tó máa bínú sí ìyẹn.

Ohun tí ayẹ̀wéwò ń ṣe

Ó máa ka péépà, á wá kọ nǹkan méjì, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún olóòtú nìkan tẹ́yin ò ní rí. Á tún dábàá ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Àbá lásán ni o, olóòtú ló ń pinnu, kì í ṣe ìbò tí wọ́n ń kà. Ayẹ̀wéwò méjì lè ní kí wọ́n gbà á kí olóòtú kọ̀ ọ́ torí ẹ̀kẹta rí àṣìṣe gidi kan nínú ìṣirò.

Láwọn jọ́nà kan, ayẹ̀wéwò mọ̀ yín ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Láwọn míì, ẹ ò mọ ara yín. BMJ, jọ́nà ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń fi orúkọ ayẹ̀wéwò han òǹkọ̀wé láti 1999, eLife, jọ́nà ìmọ̀ ohun alààyè, ní tiẹ̀ sì ti yí gbogbo ẹ̀ padà láti 2023, tí wọ́n bá ti gba iṣẹ́ sínú àyẹ̀wò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú ohun táwọn ayẹ̀wéwò sọ, kò sí pé à ń gbà á tàbí a ò gbà á mọ́.

Kẹ́ ẹ má rò pé látayébáyé ni wọ́n ti ń ṣe é bó ṣe wà yìí, jọ́nà Philosophical Transactions ti bẹ̀rẹ̀ ní London láti 1665, àmọ́ Nature gan-an, jọ́nà sáyẹ́ǹsì tó lókìkí, 1973 ló sọ ọ́ di dandan pé kí àwọn ará ìta máa yẹ iṣẹ́ wò. Einstein alára bínú sí i. Lọ́dún 1936 òun àti Rosen tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ péépà sí jọ́nà Physical Review pé ìgbì agbára òòfà (gravitational waves) kò sí, olóòtú gbé e fún ayẹ̀wéwò, ẹni yẹn rí àṣìṣe nínú ẹ̀, Einstein ní òun ò fún wọn láṣẹ láti fi han ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ló bá gba péépà ẹ̀ padà. Ó pẹ́ gan-an kó tó hàn sí gbogbo ayé pé Robertson, onímọ̀ físíìsì kan, ni ayẹ̀wéwò yẹn. Robertson wá bá Infeld, olùrànlọ́wọ́ Einstein, sọ̀rọ̀ lórí àṣìṣe náà láìjẹ́ kó mọ̀ pé òun lòun yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí péépà máa fi jáde ní jọ́nà míì ní 1937, ìparí ẹ̀ ti yí padà. Ìgbì tí wọ́n fẹ́ sọ pé kò sí yẹn, ẹ̀rọ ìwádìí LIGO ní Amẹ́ríkà rí i ní 2015.

Àmọ́ ẹ má retí pé ayẹ̀wéwò máa mú ẹni tó pa irọ́ dátà. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ síwájú ẹ̀ ló ń rí. Péépà Wakefield, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, tó so abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ àrùn autism kọjá àyẹ̀wò ní jọ́nà ìṣègùn Lancet ní 1998, 2010 ni wọ́n tó fagi lé e.

Lẹ́tà ti dé

Ìdáhùn mélòó kan ló wà. Kí wọ́n gbà á bó ṣe wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣọ̀wọ́n gan-an. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ṣàtúnṣe díẹ̀, wọ́n lè ní àtúnṣe ńlá, wọ́n lè kọ̀ ọ́ pé kẹ́ ẹ tún un kọ kẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́ bíi tuntun, tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́ pátápátá. "Major revision", àtúnṣe ńlá, kì í ṣe kíkọ̀ rárá! Olóòtú tí kò fẹ́ iṣẹ́ yín ò ní fi àkókò ẹni mẹ́ta ṣòfò kó tún ní kẹ́ ẹ padà wá.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ pa á dé, ẹ lọ sùn. Inú máa ń bíni lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìdáhùn tí èèyàn bá sì kọ pẹ̀lú ìbínú máa ń hàn. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ ṣí fáìlì tuntun, ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ wọn síbẹ̀ láìyọ ọ̀kan, ẹ fún un ní nọ́ńbà, ẹ wá máa dáhùn lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Fáìlì ìdáhùn yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lójú tèmi, torí òun ni olóòtú máa kọ́kọ́ ṣí, kó tó wo péépà.

Ẹ wo bó ṣe ń rí. Ká ní ayẹ̀wéwò kejì kọ báyìí sí péépà Bódìjà:

"Èèyàn 200 làwọn òǹkọ̀wé yẹ̀ wò, wọn ò sọ bí wọ́n ṣe dórí iye yẹn, wọn ò sọ bí wọ́n ṣe yan àwọn ìyá náà. Wọ́n tún ní jíjókòó pẹ́ ní ìsọ̀ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ sì rèé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n wọn ìfúnpá wọn."

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń kọ ni: "A dúpẹ́. A ti ṣe é." Kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, olóòtú á wá máa wá ohun tẹ́ ẹ ṣe kiri inú ojú ewé ogún. Báyìí ni kó rí:

"A dúpẹ́ fún àkíyèsí yìí. A ti ṣàlàyé bí a ṣe ṣírò iye èèyàn (ojú ewé 6, ìlà 112 sí 119). Ọwọ́ ẹgbẹ́ ọlọ́jà la ti gba orúkọ gbogbo ìsọ̀, kọ̀ǹpútà ló sì bá wa ṣà wọ́n láìmojú ẹnikẹ́ni (ìlà 120 sí 124). Ní ti 'ló ń fa', òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la wọ̀n ọ́n, a ò lè sọ ohun tó fà á. A ti yí i sí 'ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń jókòó pẹ́' (ojú ewé 2, ìlà 31, àti ojú ewé 14, ìlà 301), a sì ti fi kún ibi tí a ti sọ ohun tí iṣẹ́ yìí ò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀."

Ṣẹ́ ẹ rí i, kò sí ìjà níbẹ̀, olóòtú ò ní wá nǹkan kan kiri. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹni tẹ́ ẹ bá ṣáà bá ní ìsọ̀ lẹ yẹ̀ wò, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ara àléébù iṣẹ́ yín. Ẹ má parọ́ pé kọ̀ǹpútà ló ṣà wọ́n.

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ gba gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ. Tí ayẹ̀wéwò bá ní kẹ́ ẹ padà lọ wọn ìfúnpá àwọn ìyá yẹn lóṣooṣù fún ọdún kan, iṣẹ́ míì nìyẹn, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àbá náà dáa, pé ó kọjá ohun tí ìwádìí yìí wà fún, pé ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọjọ́ iwájú, kẹ́ ẹ sì fi ojú ewé hàn án. Tí ayẹ̀wéwò méjì bá ta kora, tí ọ̀kan ní kẹ́ ẹ gé ìbẹ̀rẹ̀ kù, tí èkejì ní kẹ́ ẹ fi kún un, ẹ mú ọ̀nà kan kẹ́ ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún olóòtú, tàbí kẹ́ ẹ kọ̀wé bi í kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní dandan kẹ́ ẹ tọ́ka sí ìwé márùn-ún tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo tí kò bá ọ̀rọ̀ yín mu, ẹ má bá a jà, olóòtú ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí.

Tí ayẹ̀wéwò ò bá lóye ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹ má sọ pé kò kà á dáadáa. Tí ẹni tó mọṣẹ́ bá ṣì í lóye, òǹkàwé míì náà máa ṣì í lóye, ẹ tún gbólóhùn yẹn kọ.

Tí gbèdéke bá ti ń sún mọ́ tẹ́ ò tíì parí, ẹ bèèrè àfikún àkókò kó tó kọjá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fúnni.

Tí wọ́n bá gbà á, tí wọ́n bá kọ̀ ọ́

Lẹ́yìn àtúnṣe, ó lè padà sọ́dọ̀ àwọn ayẹ̀wéwò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì lè jẹ́ olóòtú nìkan ló máa wò ó. Tí wọ́n bá gbà á, wọ́n á fi ẹ̀dà ìkẹyìn ránṣẹ́ kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sábà máa ń fúnni ní ọjọ́ díẹ̀ péré. Ẹ fojú sí orúkọ yín dáadáa, torí àmì orí orúkọ Yorùbá máa ń sọ nù níbẹ̀, ẹ wo nọ́ńbà inú tébù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn èyí àtúnṣe ò rọrùn mọ́.

Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò, ẹ má kàn gbé e lọ síbòmíràn bó ṣe wà. Ẹ tún ohun tí wọ́n sọ ṣe kọ́kọ́, torí ẹ̀ka ìmọ̀ kan kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ayẹ̀wéwò kan náà lè tún bá yín pàdé ní jọ́nà tuntun, tó bá rí i pé ẹ ò yí ìlà kan padà, inú ẹ̀ ò ní dùn. Pípe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà fún ìgbà tí ayẹ̀wéwò bá ṣe àṣìṣe tó hàn gbangba tẹ́ ẹ sì lè fi ẹ̀rí hàn, kì í ṣe fún pé inú ń bí yín.

Tí wọ́n bá pe ẹ̀yin náà

Bí péépà yín bá ti ń jáde, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín láti yẹ tẹlòmíì wò. Tẹ́ ò bá ráyè, ẹ tètè sọ, ẹ dárúkọ ẹlòmíì fún wọn. Tẹ́ ẹ bá mọ òǹkọ̀wé náà lára ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́, tẹ́ ẹ sì jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ sọ fún olóòtú. Ẹ má gbé péépà ọlọ́péépà sínú ChatGPT tàbí irú ẹ̀ pé kó bá yín kà á, àṣírí ni wọ́n fi lé yín lọ́wọ́, àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá bí Elsevier sì ti sọ pé àwọn ò fẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá ń kọ èrò yín, ẹ kọ́kọ́ sọ ní gbólóhùn méjì ohun tẹ́ ẹ lóye pé péépà náà ṣe, lẹ́yìn náà ẹ sọ àwọn àléébù ńlá, kẹ́ ẹ wá fi àwọn kéékèèké bí àṣìṣe ìkọ̀wé sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kí ẹni tó máa dáhùn lè rí i tẹ̀ lé.